Ọjọ́ Iṣẹ́ Tó Kẹ́yìn

"Ẹ wo kọ́tìnì yẹn o," ni Tomma wí, ó nawọ́ sí fèrèsé. "Fèrèsé wà ní pípadé, kọ́tìnì ń jó!"

Onno, bàbá rẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó panu mọ́. Àmọ́ Bàbá Weert tó ni ilé ti gbọ́, ẹ̀rín ni ó sì fi ṣe. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Ilé bíríkì pupa tí wọ́n jókòó sí náà dàgbà jù ú lọ.

"Òótọ́ lọmọ sọ," ni bàbá náà wí. "Afẹ́fẹ́ òkun kì í kanlẹ̀kùn nílé mi. Lẹ́tà H ni wọ́n fún ilé yìí lórí ọ̀rọ̀ ìfooruṣòfò. A ló dára jù, H ló kẹ́yìn pátápátá. Ká ní ìdánwò ni, ilé mi ti fìdí rẹmi!"

Ó da tíì gbígbóná lé kóró ṣúgà nínú ife kékeré, ṣúgà náà dún pẹ́ẹ́. Ó bu ife kejì fún wọn, ó bu ẹ̀kẹta. Onno àti Hilke ìyàwó rẹ̀ ti ṣíbí bọ inú ife wọn láti fi hàn pé ó tó. Tomma gbàgbé, ni bàbá náà bá tún bu ẹ̀kẹrin.

"Ọmọbìnrin, bí o kò bá fi ṣíbí sínú ife, màá máa bu ú lọ títí di ọdún tuntun o!"

"Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá," ni Hilke wí. "Ìgboro Emden ti ba ọmọ yìí jẹ́. Ìwà ilé ti kúrò lára ẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ní apá ibẹ̀ yẹn ní ilẹ̀ Jámánì, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ife mẹ́ta ni tíì àlejò. Ẹni tó bá ti ṣíbí bọ ife lẹ́yìn ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ burúkú ti wọ ilé nìyẹn.

Bàbá Weert wá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Onno, ọmọ mi tó wà ní Munich fẹ́ kí n ta ilé yìí fún olówó kan tí á máa wá sinmi níbí nígbà ooru. Èmi ò fẹ́. Ilé tí iná á máa tàn ní fèrèsé rẹ̀ nígbà òtútù ni mo fẹ́ fi sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni mò ń lọ sílé àwọn àgbà. Mo máa dúró dè yín kí ẹ rówó rà á títí di ìgbà náà."

Ó na ọwọ́, Onno bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ má rò pé Onno lówó ilé lọ́wọ́ o. Ilé tí wọ́n ń gbé ní Emden, onílé ti ní kí wọ́n kó jáde kó tó di òpin oṣù kìíní, nítorí ọmọ rẹ̀ ń padà bọ̀. Ìrètí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni ètò ìjọba. Ìjọba ń yá ìdílé tó ní ọmọ kékeré lówó pẹ̀lú èlé tín-ń-tín kí wọ́n lè ra ilé àtijọ́ bíi ti Bàbá Weert. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé àwọn á tún un ṣe kó má fi ooru ṣòfò mọ́: kí wọ́n bo ògiri, kí wọ́n pààrọ̀ fèrèsé, kí wọ́n yọ ẹ̀rọ elépo tó ń mú ilé gbóná dànù.

Ìyáàfin Tjaden ló là á yé wọn ní báǹkì. "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún gbọ́dọ̀ wà nínú ilé lọ́jọ́ tí ìwé bá wọlé," ni ó wí, ó sì wo Tomma lókè ìgò ojú rẹ̀. "Ìgbà wo ni tìẹ?"

"Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni mo máa pé e, mà."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa nígbà náà. Ìwé ẹ̀rí tí Ọ̀gbẹ́ni Saathoff tó yẹ ilé wò máa kọ nìkan ló kù. Ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ ìbí ọmọ yìí, kí aago mẹ́rin tó lù, ibẹ̀ lòpin. Ó dọ́wọ́ mi, mo tẹ bọ́tìnnì, ó parí."

"Tomma, o gbọ́?" ni Onno wí. "Ìwọ ni ọ̀gá íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa. Orí fóònù rẹ ni ìwé náà máa wọlé sí."

Tomma gbọ́. Tàbí kí n sọ pé ó gbọ́ ìdajì. "Ọjọ́ tó kẹ́yìn" wọ etí rẹ̀, "iṣẹ́" tó wà láàárín kò wọ̀ ọ́.

Ohun tí Tomma rò pé àwọn òbí òun kò mọ̀ ni pé òun kò fẹ́ lọ. Kò fẹ́ ẹ rárá. Emden ni ẹgbẹ́ tó ń bá gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ wà, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni Insa ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Ní abúlé Bàbá Weert, bọ́ọ̀sì mẹ́ta péré ló ń kọjá lójúmọ́. Àmọ́ kò la ẹnu sọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín nílé, ó ń di ìbínú sínú.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, Tomma àti Insa dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gbẹ́ni Saathoff ni. Ìwé náà ti dé.

Insa yọjú wò ó. "Òun rèé?"

"Òun ni."

"O ti di ará oko nìyẹn o! Ta lo fẹ́ máa bá ṣeré níbẹ̀? Àgùntàn?"

"Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Ìyẹn tí o bá fún wọn kúkú ni. Ṣé wọ́n mọ̀ pé ó ti dé ni?"

"Mi ò lè pa á rẹ́, Insa. Bàbá mi!"

"Ta ló ní kí o pa á rẹ́? O kàn ò rí i ni. Ìwé kì í sọnù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni? Ọjọ́ ìbí rẹ á kọjá, wọn á wá ilé sí Emden níbí, kò sẹ́ni tó máa kú."

Tomma wo fóònù náà títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ó gbé lẹ́tà náà lọ síbi tí àwọn ìpolówó ọjà máa ń kó jọ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yà. Ó ní òun kò ṣáà pa á rẹ́. Tó bá wu òun, òun á gbé e jáde kó tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn.

"Saathoff ńkọ́?" ni Onno bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Kò tíì dé, Bàbá."

Nígbà àkọ́kọ́, ó nira fún un láti sọ. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ti ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Onno pe Saathoff lórí fóònù, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló dá a lóhùn pé ọ̀gá ti lọ sinmi, ó di oṣù kọkànlá. Ọkùnrin náà ju fóònù sórí àga. "Saathoff fẹ́ pa mí!" ni ó wí. Tomma sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ ò rí nǹkan!

Ilẹ̀ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n mọ́. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, Tomma sùn títí oòrùn fi yọ dáadáa. Nígbà tó wọ ilé ìdáná, ìyẹ̀fun wà lápá Hilke dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń po àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí. Tomma fẹ́ gbé ṣúgà, ló bá rí ìwé kan lábẹ́ rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nínú.

"Háà! Gbé e sílẹ̀! Ọ̀la la fẹ́ fi hàn ọ́!" Hilke ti pẹ́ jù. Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, o ti rí i. Bàbá rẹ ti fi iṣẹ́ òwúrọ̀ sílẹ̀, ọ̀sán ni á máa ṣe títí o fi máa jáde ìwé mẹ́wàá rẹ. Láràárọ̀ ló máa fi ọkọ̀ gbé ọ wá sí Emden. O ò ní pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, o ò ní fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé o ò fẹ́ràn abúlé náà, ó kàn ń retí kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ ni."

Ara Tomma bù máṣọ. Bàbá rẹ̀ mọ̀! Ó ti mọ̀ látijọ́!

Tomma sáré wọ yàrá, ó yọ lẹ́tà náà jáde níbi tó fi pamọ́ sí, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Aago mẹ́wàá ló lù. Aago mẹ́rin ṣì jìnnà. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́, àmọ́ kò tíì bà jẹ́.

"Bàbá! Màmá! Ó ti dé! Ìwé Saathoff ti dé!"

Onno fò dìde lórí àga, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Mo ní kí ni! Mo ní Saathoff ò ní já wa kulẹ̀! Níbo ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà? Ẹ jẹ́ ká lọ sí báǹkì!"

Hilke kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìyẹ̀fun, ojú rẹ̀ sì wà lára kàlẹ́ńdà ògiri. Àwọ̀ pupa ni wọ́n fi kọ ọjọ́ òní.

"Onno," ni ó wí. "Ọlidé ìrántí Àtúnṣe Ìjọ ni òní. Báǹkì ò ṣí."

Tomma wo pupa yẹn. Ọlidé! Ìdí tí kò fi sí ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, ìdí tó fi sùn pẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ *iṣẹ́* tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Tjaden padà wá sí i létí, lódindi lọ́tẹ̀ yìí. Àná ni ọjọ́ náà. Àná!

Onno pe Ìyáàfin Tjaden nílé. Gbogbo wọn gbọ́ ohùn obìnrin náà.

"Onno, Ọlọ́run ń gbọ́, màá wọ sálúbàtà lọ bá ọ ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ìwé wọlé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọlidé. Ọ̀la tó bá sì ṣiṣẹ́, ọmọ rẹ ti dàgbà jù. Kí ló dé tí ẹ ò mú un wá lánàá?"

"Òwúrọ̀ yìí ló dé, mà," ni Onno wí. Ó gbé bébà náà sókè kó lè ka nọ́ńbà orí rẹ̀ fún un. Ó tún un wò. Ó rọra pa fóònù.

"Ọjọ́ kẹtàlá," ni ó wí.

Tomma wolẹ̀.

"Tomma, ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n kọ síbí."

"Bàbá..."

"Ọjọ́ méjìdínlógún gbáko! Mò ń bi ọ́ lálaalẹ́. Ojú mi lo ń wò!"

"Mi ò fẹ́ lọ sí abúlé," ni Tomma sọ, ẹkún sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Mo rò pé ó ku òní. Mo fẹ́ fún yín lónìí. Ẹ dákun!"

Ó retí pé bàbá òun máa pariwo. Onno kò pariwo. Ó jókòó gẹ̀ẹ́, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i rí. "Tí o bá sọ pé o ò fẹ́," ni ó wí, "ṣé a máa pa ọ́ ni? Ṣebí a máa jókòó sọ ọ́. Ẹnu ni kí o là, Tomma. Ẹnu lásán."

Hilke fọ ọwọ́ rẹ̀. Kò parí àkàrà náà. "Bàbá Weert ń retí wa ní aago mẹ́ta," ni ó wí. "Ìwọ lo máa sọ fún un."

Wọ́n dé abúlé náà nígbà tí òjò ń fọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tomma dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Àwọn aládùúgbò ti fi ewé tútù hun ọwọ̀n gàgàrà yí ilẹ̀kùn ká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn gbé. Wọ́n fi òdòdó bébà pupa àti funfun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ní òkè rẹ̀, wọ́n gé nọ́ńbà 18 lára pákó, orúkọ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀: TOMMA.

Ìyá kan ṣì wà lórí àkàbà tó ń so òdòdó ìkẹyìn. "Háà, ẹ ti tètè dé! Ọmọ, má wò ó o, ọ̀la ni tìẹ!"

Tomma fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Bàbá Weert ti tẹ́ tábìlì. Àpótí rẹ̀ méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì wọ́n. Ó bu tíì, ṣúgà dún pẹ́ẹ́. Gbogbo wọn mu ife kìíní. Ó na ọwọ́ sí ìkòkò láti bu ẹ̀kejì.

"Bàbá," ni Tomma wí, "ìwé ò wọlé. Èmi ni mo fi pamọ́. Ó ti dé láti ọjọ́ kẹtàlá. A ò lè ra ilé yín mọ́."

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí ìkòkò. Ó wo Onno, ojú Onno wà nílẹ̀. Ó wo fèrèsé níbi tí kọ́tìnì ti ń mì. Ó pẹ́ kó tó mú ọwọ́ kúrò lára ìkòkò. Ó mú ṣíbí rẹ̀, ó sì fi í sínú ife rẹ̀.

Ife kan péré. Tomma gbọ́ bí ṣíbí náà ṣe kan àwo, kò sì tíì gbàgbé ìró rẹ̀ dòní.

Kò sí ilé tí wọ́n lè san owó rẹ̀ ní Emden. Ilé oníyàrá méjì ní ìlú mìíràn ni wọ́n padà rí. Kí ó lè ṣe ìdánwò rẹ̀ tán níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, Tomma ń wọ ọkọ̀ ojú irin kí ilẹ̀ tó mọ́. Bọ́ọ̀lù ti tán, àyè rẹ̀ kò sí mọ́. Insa ti ní ọ̀rẹ́ mìíràn. Nígbà tí Tomma bá a sọ ọ́, ohun tó wí kò ju "Èmi kọ́ ni mo ní fóònù" lọ.

Ọkọ̀ ojú irin náà máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Bàbá Weert láràárọ̀. Olówó tó ń wá sinmi nígbà ooru ló ti ra ilé bàbá náà. Òtútù mú nígbà náà, gbogbo ilé ló ti tanná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ la ẹnu sọ ọ́ fún àwọn òbí yín ní ojúkojú, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ ra àkókò kò mọ ọjọ́ tí àkókò náà máa tán mọ́ òun lọ́wọ́. Tomma ti mọ̀ ọ́n báyìí. Láràárọ̀ ni ó ń wá fèrèsé ilé bíríkì pupa náà láàárín àwọn yòókù, kò sì ṣòro láti dá mọ̀. Òun nìkan ló ṣókùnkùn.