Obìnrin Tó Buwọ́ Lùwé Lórúkọ Onígíláàsì

"Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan síbí ni, mà?" Bí akọ̀wé ọ́fíìsì ilẹ̀ ṣe kí Onígíláàsì káàbọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kò tẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Gíláàsì ojú ló ń ṣe. Òun ló ń gé e, òun ló ń dán an, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ilé bàbá wọn ló wá gbà. Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ọmọ méjèèjì ni kó pín ilé náà lọ́gbọọgba, Onígíláàsì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi ṣe alákòóso ogún náà.

Akọ̀wé fa fáìlì yọ. Ó ní Túsìdeè tó kọjá ni wọ́n jọ jókòó síbẹ̀, tí obìnrin náà yọ̀ǹda ìpín tirẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú ìrù tó máa ń já níparí nítorí àtàǹpàkò rẹ̀ tí kò ká dáadáa mọ́. Ìka tó tẹ̀ síbẹ̀ náà nìyí, àpá ibi tí dígí ti gé e dábùú rẹ̀ gbọọrọ. Onígíláàsì wo àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó wo ti inú ìwé. Ọ̀kan náà ni.

"Ọwọ́ yín tutù gan-an lọ́jọ́ yẹn," ni akọ̀wé wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni mo bá yín dì í mú sórí íńkì, mà. Títí mo fi délé, ọwọ́ tèmi ò móoru."

Túsìdeè yẹn kan náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Onígíláàsì wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, èrò ń wọlé, èrò ń jáde. Inú ló bí i ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Ó ní kí akọ̀wé ṣe ẹ̀dà gbogbo ewé inú fáìlì náà fún òun, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.

Ó kó o lọ bá lọ́yà kan, obìnrin àgbà tó ti ń ra gíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Lọ́yà kà á tán, ó wá ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì bọ́ sórí. Àwọn á kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilẹ̀ lónìí olónìí, kí ẹnikẹ́ni má lè ta ilé náà. Onígíláàsì á búra nílé ẹjọ́ pé òun kọ́ lòun buwọ́ lùwé, á sì kó àwọn tó rí i ní ṣọ́ọ̀bù wá jẹ́rìí. Ó lè fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi orúkọ ẹlòmíì ṣèwé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Lọ́tọ̀, ó lè ní kí adájọ́ fagi lé ìwé náà, kí wọ́n sì gba àkóso ogún kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tàbí kí wọ́n yanjú ẹ̀ nílé.

"Èwo lo fẹ́ níbẹ̀?" ni lọ́yà bi í.

"Gbogbo ẹ̀, mà. Ká yanjú ẹ̀ nílé nìkan ni mi ò fẹ́."

Àwọn àgbà ẹbí pè é lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó má jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Ó dá wọn lóhùn pé ojú ará ìta ni wọ́n ti ja òun lólè, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti dá a padà.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi yọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ó ti rù kọjá ààlà, ẹ̀wù rẹ̀ wá rí bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní òun fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí àbúrò òun ṣe ń buwọ́ lùwé, òun ń kọ orúkọ rẹ̀ léraléra, títí ìwé fi kún ilẹ̀ yàrá. Obìnrin tó máa dúró lórúkọ rẹ̀ ló kù tí òun fẹ́ wá. Òun ò tíì sọ fún ẹnì kankan tí ẹnì kan fi kanlẹ̀kùn.

"Ojú rẹ ló ní," ló wí. "Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti pè mí tó. Mo wá buwọ́ lùwé.' Mo rò pé oríire ni. Àbúrò mi, a buwọ́ lùwé tán, kò lọ. Kì í jẹun, kì í sùn. Ó ń bi mí pé ìpín tòun ńkọ́."

Ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ẹjọ́ kúrò ní kóòtù, kó wá bá òun lé e jáde. Onígíláàsì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó nu ọwọ́. Ó ní òun ò gbé ẹjọ́ kankan kúrò, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ òun.

Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rùn bí ìwé tí omi bà jẹ́. Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi ìka ṣe bí ẹni tó ń kọ̀wé lórí pákó òfìfo. Nígbà tó yíjú, Onígíláàsì di àga mú. Ojú ara rẹ̀ ló rí, àmọ́ ó rí bàìbàì, bí fọ́tò tó pẹ́ nínú omi.

"Wọ́n ní o fẹ́ kí adájọ́ fagi lé gbogbo ohun tí mo buwọ́ lù," ni obìnrin náà fi ohùn Onígíláàsì gan-an sọ. "Èmi wá ńkọ́? Kí ni màá máa jẹ́?"

"O ò ní jẹ́ orúkọ tèmi," ni Onígíláàsì fèsì. "Bàbá mi ló sọ mí lórúkọ, èmi ni mò ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó pè ọ́ wá ló jẹ ọ́ ní orúkọ. Tiẹ̀ wà lára ẹ̀, lọ gbà á."

Obìnrin náà rò ó. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń kàwé. Ìpéǹpéjú obìnrin náà kọ́kọ́ nípọn, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ̀, irùngbọ̀n ewú sì hù sí i díẹ̀díẹ̀. Onígíláàsì jáde. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin méjì ló dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù kan náà, tí àwọn méjèèjì nawọ́ sí i, tí wọ́n ń fi ohùn kan ṣoṣo pè é ní "àbúrò mi."

Ó dúró nínú oòrùn, ó dá wọn lóhùn. "Èyí tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú yín, kó wá jẹ́jọ́ ní kóòtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ẹnì kan ló wá. Ó dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ṣe ayédèrú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni, òun mú ẹlòmíì wá dúró bí àbúrò òun, òun jẹ̀bi. Adájọ́ fagi lé ìwé náà, ó dá ìpín Onígíláàsì padà, ó gba àkóso ogún lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì ní kí wọ́n fi í sí àtìmọ́lé di ọjọ́ ìdájọ́. Lọ́yà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ò rí ẹni tó tètè ronú pìwà dà báyìí rí.

Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì ti fọ́ fèrèsé ilé rí, ó ti gbé mọ́tò bàbá wọn wọ kòtò rí, ó ti na ọmọ ọlọ́mọ rí, ṣùgbọ́n láti kékeré kò sí ọjọ́ kan tó gbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn aládùúgbò sì ti ń sọ pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ láti inú, tó ń bẹ ẹni tó bá ń kọjá pé kó dákun, kó bá òun rántí orúkọ òun.

Onígíláàsì mọ orúkọ náà. Ó máa sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi.