Ìpè Orí Òkè

Ewúrẹ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lé kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí i. Aṣọ funfun dókítà ló wọ̀, ó sì mú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn làwọn méjèèjì, iléèwé rán wọn wá kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn abúlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà Ewúrẹ́!"

"Ọmọ Ìlú Ńlá, dí ẹnu ọ̀nà yẹn ná, kó o tó máa fi mí rẹ́rìn-ín!"

Wọ́n jọ ń fa omi kànga, wọ́n jọ ń se irinṣẹ́ lórí sítóòfù, wọ́n jọ ń gbẹ̀bí. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Ìyá ọmọbìnrin náà nìkan ló fárígá: dókítà kan nílùú ló ti wò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tán.

"Lọ jẹun, olówó orí mi," ni ọmọbìnrin náà wí. "Màá máa ṣọ́ ìyá ọmọ."

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà ń retí ìpè rẹ̀, orí òkè ẹ̀yìn ilé ìwòsàn nìkan sì ni fóònù ti ń wọlé. Ọmọbìnrin náà gun òkè lọ, ó ní kíá lòun máa padà. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni ìyá bẹ̀rẹ̀, kò sì tán bọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ya lára obìnrin náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń tẹ ikùn òkú kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

"Ta ló yẹ kó ṣọ́ ọ?" ni ọ̀gá wọn bi wọ́n.

Ọmọbìnrin náà dorí kodò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó títí.

"Èmi ni, sà."

Iléèwé lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè padà sílé, ló bá jókòó sábúlé, ó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin náà di dókítà. Àmọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń múra ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú dókítà ìlú yẹn, ó sá padà sábúlé.

Iwájú ọkọ obìnrin tó kú náà ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí, ó jẹ́wọ́. Ọkùnrin náà gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O pẹ́ kó o tó dé," ni olólùfẹ́ rẹ̀ wí. Kò gbójú kúrò nílẹ̀ tó ń nù.

"Mo mọ̀. Ojo ni mí."

"Mo fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ lèyí tó ṣẹ́kù."

"Jẹ́ kí n dúró tì ọ́, ká jọ mọ̀."

Ọdún yí po kó tó gbà láti fẹ́ ẹ. Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ìyá ìyàwó ò wá. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, wọ́n pàdé ọkọ olóògbé lọ́nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ikú yẹn, ó kí ọkọ ìyàwó. Kò kí ìyàwó.

Ọkọ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Má bẹ̀ ẹ́ mọ́. Bó bá wù ú, á kí ọ lọ́jọ́ kan. Bí kò bá sì kí ọ, ó lẹ́tọ̀ọ́."

Wọ́n jọ ń rìn lọ.