Mojíre àti Fóònù tí Kò Sọ̀rọ̀

Mojíre tẹ fóònù náà mọ́ etí òsì rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ariwo kan ń hó nínú etí ọ̀hún bí omi orí iná. Ní òdìkejì gíláàsì, nínú yàrá kejì, Ràbíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú fóònù tirẹ̀, ó sì rọra na ìka méjì.

"Sá," ni Mojíre dáhùn.

"O gbà á!" ni Arábìnrin Tinúadé wí.

Ọdún 1999 ni. Fóònù alágbèéká ṣì ṣọ̀wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì ni Arábìnrin Tinúadé, oríṣi fóònù méjì ló sì ń dán wò. Ọ̀kan ń gé ohùn ènìyàn kù. Èkejì ń gbé e wá ní kíkún, bí ẹni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jókòó tì ọ́. Ó fẹ́ mọ èyí tí ènìyàn á ti gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín fá, sá àti ṣá. Ìdí nìyí tó fi mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti ilé ìwé Mojíre àti Ràbíátù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ti bèèrè bóyá etí ń dun ẹnikẹ́ni. Mojíre ní rárá.

Irọ́ ni. Láti ìgbà òjò ni ọyún ti ń jáde ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọmọ aládùúgbò wọn kan ní Ìlódè: "Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, kí ló tún ń wá nílé ìwé? Kó lọ kọ́ṣẹ́." Ìdánwò àṣejáde sì ti kù díẹ̀.

"Ràbí, ràn mí lọ́wọ́," ló ti fi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wá. "Máa na ìka kan fún fá, méjì fún sá, mẹ́ta fún ṣá. Bí wọ́n bá mọ̀, ìwé mi ti parí nìyẹn."

"Dókítà ni etí yìí ń fẹ́, Mojíre. Wàláhì, ẹ̀rù ń bà mí."

"Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, o pa mí nìyẹn."

Ràbíátù gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Arábìnrin Tinúadé rọra pa ẹ̀rọ tó so fóònù méjèèjì pọ̀, láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni àwọn ọmọ náà ń gbọ́. Fóònù dákẹ́ lọ gbári. Ràbíátù kò mọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó sì na ìka kan lójú olùkọ́ náà.

"Fá," ni Mojíre wí.

Olùkọ́ náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ti pa á. Kí lo gbọ́ nínú rẹ̀?"

Ẹnu olùkọ́ náà ni Mojíre ń wò. "Ẹ ní kí ni, mà?"

"Fóònù tí kò dára ni mo ti ń kọ sílẹ̀ pé ó dára! Gbogbo iṣẹ́ mi ló bàjẹ́ yìí!" Ó kọjú sí Ràbíátù tó ti sáré wọlé. "Ìwọ lo ń ṣe màgòmágó yìí. Jáde! Ọ̀gá ilé ìwé yín á gbọ́."

Omijé bọ́ lójú Ràbíátù, ṣùgbọ́n kò tú àṣírí. Ó gbé báàgì rẹ̀. Bí Mojíre ti rí i tó ń lọ, ó wó lulẹ̀ sórí eékún.

"Ẹ má lé e, mà! Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. N kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi!" Ó fa òwú tó kì bọ etí ọ̀tún yọ, ọyún àti ẹ̀jẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ìbínú olùkọ́ náà di ìbẹ̀rù. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ní etí ọ̀tún ti bàjẹ́, kò ní gbọ́ràn mọ́. Ti òsì ni wọ́n lè gbà là. "Ká ní ẹ ti tètè gbé e wá ni."

Bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn. "Mojíre, kí ló dé tí o kò sọ fún wa?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ọmọ tí kò gbọ́ràn, kó lọ kọ́ṣẹ́."

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi fìlà bo ojú.

Mojíre kò lè ṣe ìdánwò lọ́dún náà. Ọdún kejì ló tó ṣe é. Arábìnrin Tinúadé tún iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì pẹ́ kí Ràbíátù tó tún bá Mojíre rìn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi àìsàn pamọ́, ẹ má sì sọ ọ̀rẹ́ yín di alábàápín irọ́. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ nípa ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tiyín lè máa gbọ́.