Èjìdé àti Atúngìtáṣe Ọjà'ba

Ìró kan dún pàá bí ìbọn ọdẹ nínú ìsọ̀ Màmá Bertha ní Ọjà'ba, pákó dúdú kékeré kan sì fò jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ síwájú ẹsẹ̀ Èjìdé. Ọmọbìnrin náà dúró. Ẹrù awọ ewúrẹ́ pupa wà lórí rẹ̀, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sì bo gbogbo ọ̀nà títí dé òkè Màpó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá lọ́wọ́. Nígbà tó wo inú ìsọ̀, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lórí àpótí pẹ̀lú gìtá lórí itan rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, kò sì nù ún. Gìtá ló ń wò, bí ẹni tí ọmọ ṣubú mọ́ lọ́wọ́.

Èjìdé rọra kúnlẹ̀ kí ẹrù orí rẹ̀ má baà mì, ó mú pákó náà nílẹ̀, ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé tiyín ni?"

"Tèmi kọ́, ti tíṣà ni," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ fún un bó ṣe kú, yóò ní tèmi ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Èjìdé. Ọkùnrin náà gbójú sókè láti bínú sí ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú tó ń rẹ́rìn-ín náà, ìbínú ọ̀hún kò rí ẹnu jáde mọ́.

Yẹ̀kínì ni orúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti mú un lọ sí Èkó láti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Àgùdà kan tó mọ gìtá tún ṣe. Nígbà tó padà sílé, Màmá Bertha, opó Sàró tó ń ta gramafóònù, fèrè ẹnu àti okùn gìtá, fún un láyè níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń tún èyí tó ya ṣe, tó ń pààrọ̀ okùn tó já, tó sì ń fi òróró díẹ̀ nu èyí tí eruku ti bà jẹ́.

Gìtá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ yìí, Tíṣà Olúṣẹ́gun ló ni ín. Okùn ìfun ẹran ni wọ́n ṣe é fún, okùn tó rọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì tutù. Ṣùgbọ́n okùn onírin ti dé láti Èkó, gbogbo ẹni tó ń fi gìtá kọrin ló sì ń fẹ́ ẹ, nítorí ohùn rẹ̀ ń borí ariwo. Tíṣà ní òun náà ń fẹ́ ẹ. Yẹ̀kínì mọ̀ pé àyà gìtá náà kò ní lè gbà á, ó tilẹ̀ sọ ọ́. Síbẹ̀, irin náà ń dán, òun fúnra rẹ̀ sì ń fẹ́ gbọ́ bí yóò ti dún. Ó ń yí èèkàn ọrùn gìtá, ó ń fà á le, títí pákó tó di gbogbo okùn mú fi ya kúrò láyà gìtá tó sì gbá a lójú.

Èjìdé yí pákó náà padà. Ó ní ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti gbẹ bí èèpo, pé ọyẹ́ ti pa á. Bàbá òun, Sàláúdéènì oníṣẹ́ awọ ní Beyerúnká, a máa se àjákù awọ títí omi rẹ̀ yóò fi ki, ohun tí wọ́n bá sì fi lẹ̀ kì í ṣí bọ̀rọ̀.

"Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn," ó sọ. "Màá bu díẹ̀ wá fún yín."

Ó bù ú wá lóòótọ́ lọ́jọ́ kejì, nínú ìkòkò kékeré tó fi aṣọ wé kó má baà tutù. Òórùn rẹ̀ lé Màmá Bertha jáde kúrò nínú ìsọ̀. Yẹ̀kínì ha èyí tó ti gbẹ kúrò, ó yá pákó náà níná díẹ̀, ó fi omi awọ lẹ̀ ẹ́ sí ipò rẹ̀, ó sì gbé ọmọ ọlọ lé e. Èjìdé béèrè ìgbà tí yóò fi okùn sí i.

"Ó di ìgbà tó bá gbẹ. Ọyẹ́ a máa tanni jẹ. Òde a ti gbẹ, inú a sì tutù. Tí mo bá kánjú, yóò tún ya."

Nígbà tó gbẹ, okùn ìfun ni ó fi sí i. Ó ní kí Èjìdé bá òun di ìdí okùn mú, òun sì ń yí èèkàn díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó tún ń fà á, títí ohùn okùn gbogbo fi bára mu. Èjìdé wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ta orin kan fún òun.

"N kò mọ̀ ọ́n ta."

"Ẹ̀yin tí ẹ tún un ṣe?"

"Mo mọ ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá pé. N kò mọ ohun tó ń wí."

Èjìdé rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibì kan jókòó sí.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí omi awọ kì í dé ìsọ̀. Màmá Bertha ní òun ò mọ ìgbà tí gbogbo gìtá Ìbàdàn fọ́ tán tí wọ́n fi ń lo omi awọ tó báyìí. Yẹ̀kínì ti mọ̀ nígbà náà pé oríkì Èjìdé ni Àjọkẹ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń nu ọrùn gìtá kan, tí kò jẹ́ kí ojú wọn pàdé, ó pè é.

"Àjọkẹ́, ilé mi ni mo fẹ́ kí o ti máa se omi awọ yìí."

"Ilé yín yóò máa rùn."

"Jẹ́ kó máa rùn."

Sàláúdéènì kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ gìtá. Àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ràn jù, Àkíbù, ló fi iṣẹ́ awọ sílẹ̀ tó ń tẹ̀lé àwọn tó ń fi gìtá kọrin ní búkà ẹlẹ́mu. Ó bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi kọjá sí ilẹ̀ Góòlù Kóòsì. Gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé ó kú nínú yàrá kan láìsí ẹnìkan lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tó sin ín kò sì mọ ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí Yẹ̀kínì àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá tọrọ Èjìdé, Sàláúdéènì fún wọn lómi mu, ó sì sọ fún wọn láìgbé ohùn sókè pé àwọn ará oníṣòwò obì kan ní Mọlẹ́tẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ tí oṣù tuntun bá lé. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òjò ọdún tó kọjá ti wó ògiri.

"Nínú ilé yìí, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa á kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣọ̀wẹ̀, kí wọ́n jọ bá wa mọ ògiri," ó wí. "Ẹgbẹ́ tìrẹ dà? Ọkùnrin tí kò ní ẹgbẹ́, ta ni yóò sin ín?"

Ó mọ̀ pé Èkó ni ọmọ náà dàgbà sí, pé kò bá ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Òsì ṣeré òṣùpá rí.

Yẹ̀kínì sọ fún Èjìdé pé òun yóò gba lébìrà. Èjìdé kọ̀. Ó ní ará Mọlẹ́tẹ̀ náà lè gba lébìrà, ẹni tí a sì gbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Ó bi í bóyá kò ní ọ̀rẹ́ ni.

"Àwọn tí mò ń tún gìtá wọn ṣe nìkan ni mo ní. Tí bàbá rẹ bá rí wọn, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn."

"Ẹ kó wọn wá," ni Èjìdé wí. "Tí ẹ bá fi wọ́n pa mọ́ lónìí, títí ayé la ó máa fi wọ́n pa mọ́. Èmi ò ní fi ẹni tí mo fẹ́ pa mọ́ fún bàbá mi."

Yẹ̀kínì lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tì í láti ilé dé ilé, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, bí wọ́n ti kírun àsùbáà tán, àwọn ọkùnrin ti kún ẹ̀yìnkùlé Sàláúdéènì. Tíṣà Olúṣẹ́gun ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Fágbèmí tó ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn yòókù ń da omi sí i, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ pò ó. Tíṣà yọ̀ ṣubú sínú amọ̀, Fágbèmí sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ wo ló ń kọ́ wọn nísàlẹ̀ yẹn. Èjìdé àti àwọn obìnrin ilé ń pọn omi. Ògiri náà ti ga dé ìbàdí kí oòrùn tó mú.

Sàláúdéènì wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ti ń mi orí díẹ̀díẹ̀ pé iṣẹ́ náà dára nígbà tó rí ọkùnrin kan tó dàgbà ju àwọn yòókù lọ láàárín amọ̀. Ọ̀jẹ̀wálé ni, atagìtá Yemẹtu tí Àkíbù máa ń tẹ̀lé. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Sàláúdéènì.

"Yẹ̀kínì, sọ fún ọkùnrin yẹn kó jáde nínú amọ̀ mi. Kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ."

Ọ̀jẹ̀wálé fi ọkọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó rọra ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ kí iṣẹ́ má baà dúró. Ó ti ń ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Yẹ̀kínì náà fi ọkọ́ tirẹ̀ lélẹ̀. Ó wo Èjìdé. Èjìdé kò gbójú kúrò.

"Ẹni tó bá mi po amọ̀ lónìí, ẹgbẹ́ mi ni, Bàbá. Tó bá lọ, èmi náà ń lọ."

"Kódà tó bá jẹ́ pé wàá fi pàdánù Èjìdé?"

"Ẹ̀mí mi ni Èjìdé, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí mo bá lè lé ẹni tó wá ràn mí lọ́wọ́ nítorí kí ọ̀nà tèmi lè là, ṣé irú mi lẹ ó fún lọ́mọ?"

Sàláúdéènì ń wo àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ amọ̀ wọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì gbé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń retí kí Yẹ̀kínì kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kí àwọn lè tẹ̀ lé e. Ó ń ro yàrá tí Àkíbù kú sí. Ó ń rò ó pé bó bá jẹ́ ẹyọ ẹnìkan báyìí ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ìbá mọ ibi tí sàárè àbúrò òun wà.

Ó wọlé lọ. Ìyá Èjìdé bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tún ṣí, ọkùnrin náà sì jáde láìwọ agbádá, ṣòkòtò iṣẹ́ nìkan ló kù ní ìdí rẹ̀. Ó kọjá lára Yẹ̀kínì, ó wọ inú amọ̀, ó mú ọkọ́ Ọ̀jẹ̀wálé nílẹ̀, ó sì nà án sí i. Ọ̀jẹ̀wálé gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Sàláúdéènì sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Èjìdé."

"Bàbá."

"Bu omi wá fún ọkọ rẹ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Èjìdé bu omi tútù láti inú àmù. Ó kúnlẹ̀ níwájú Yẹ̀kínì. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí amọ̀ ti bò dé ìgúnpá, kò mọ bí yóò ti gba igbá. Èjìdé dìde, ó sún mọ́ ọn, ó sì fúnra rẹ̀ gbé igbá náà sí i lẹ́nu lójú bàbá rẹ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi mu ún tán.