Ìlara Tó Pa Iná Tirélà

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, kò sí awakọ̀ kan ní Èjìgbò tí kò mọ Dúrójaiyé. Òun ni rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìwó. Láti ìlú Ara títí dé Masífà, bí iná mọ́tò bá kú, wọn a ní, "Ẹ gbé e lọ fún Dúrójaiyé."

Ọmọ ìjọ ni. Ó ní àyè tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin, ó ń ṣe àmín. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í bóyá ó ti di àtúnbí, ẹ̀rín ni yóò fi rín onítọ̀hún. Kò mutí, kò jalè, kò gba ìyàwó ẹlòmíràn. Kí ló tún kù?

Ọdún náà ni Sàlàkọ́ ti Àbíjáǹ dé. Ọmọ Èjìgbò ni, ó kéré sí Dúrójaiyé lọ́jọ́ orí, iṣẹ́ kan náà ló sì kọ́ nílẹ̀ àjò. Ó ya ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ọ̀nà, ní ọ̀kánkán Dúrójaiyé gan-an. Kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rárá, ó sọdá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ yín ni mo wà o."

"Káàbọ̀," ni Dúrójaiyé wí. Ọ̀rọ̀ náà kò ti inú wá.

Sàlàkọ́ ní sùúrù. Ibi tí Dúrójaiyé yóò ti fa gbogbo wáyà ọkọ̀ tu, gílóòbù kékeré kan tí ó so wáyà méjì mọ́ ni Sàlàkọ́ máa ń mú. Yóò fi í tọ iná láti orí bátìrì títí dé ìdí ọkọ̀, ibi tí gílóòbù náà bá ti kọ̀ tí kò tàn, ibẹ̀ ni àrùn wà. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dúrójaiyé a jókòó lórí táyà, a máa wò wọ́n. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, òun ni ó rò pé wọ́n ń rín. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní kí Sàlàkọ́ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ètè rẹ̀ a lẹ̀ pọ̀, kì í ṣe àmín.

Èyí tó wá dun ún jù ni ti Kàsímù. Oníbàárà rẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni Kàsímù, ó ń wa Lándírófà kan tó ń fa tirélà lọ kó iṣu lóko. Iná ẹ̀yìn tirélà náà bàjẹ́. Kàsímù wá, ó juwọ́ sí Dúrójaiyé láti inú ọkọ̀, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kí i, ó ní, "Bàbá Leah, ẹ kúuṣẹ́ o!" Ó sì yà sọ́dọ̀ Sàlàkọ́.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo iná tirélà ti tàn. Kàsímù lọ kírun, Sàlàkọ́ lọ jẹun nílé. Dúrójaiyé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá.

Ó wọ abẹ́ tirélà. Nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi de wáyà gbogbo gílóòbù ẹ̀yìn mọ́ irin. Bí wáyà yìí kò bá fara kan irin, iná kankan kò ní tàn lẹ́yìn. Dúrójaiyé tú nọ́ọ̀tì náà. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ we ẹnu wáyà, ó dè é padà kó le dáadáa, ó sì fi ẹrẹ̀ pa á lójú.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí ojú ti Sàlàkọ́ ni.

Nígbà tí Kàsímù fẹ́ gbéra ní ìrọ̀lẹ́, iná ẹ̀yìn kò tàn. Sàlàkọ́ mú gílóòbù rẹ̀, ó tọ wáyà títí, òógùn bò ó. Òjò ti ṣú. Níkẹyìn, ó sọdá wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fojú àgbà wò ó. Iná dé ẹnu púlọ́ọ̀gù tirélà, ó dé ìdí gílóòbù, síbẹ̀ kò tàn."

Dúrójaiyé bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ tirélà. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí nọ́ọ̀tì náà. Ẹ̀rí ọkàn ní, "Sọ ọ́." Ìlara ní, "Dákẹ́." Ó dìde, ó gbọn ọwọ́.

"Èmi ò rí nǹkan kan o. Bóyá báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Àbíjáǹ."

"Mẹ̀sí, ẹ̀gbọ́n," ni Sàlàkọ́ fi dúpẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe níbi tó ti bọ̀.

Kàsímù kò lè dúró. Àwọn obìnrin ti wa iṣu jọ lóko lẹ́bàá ìlú Ọla, wọ́n ń retí rẹ̀. Sàlàkọ́ ní, "O kò ní dá lọ láìní iná. N ó gun alùpùpù mi tẹ̀ lé ọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí iná tèmi."

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, òjò dé. Obìnrin mẹ́rin jókòó sórí iṣu nínú tirélà. Lọ́rí kan tó ru pákó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Awakọ̀ rẹ̀ rí iná pupa kékeré kan nínú òjò, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yọ̀. Ó gbá Sàlàkọ́ sínú kòtò, ó sì dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó kan tirélà. Kò sí ohun tó ṣe àwọn obìnrin náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Sàlàkọ́ ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta, Dúrójaiyé kò lè jẹun. Ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ó sì tún dìde. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí àwọn ènìyàn má baà sọ pé kò yọjú. Joanna, ìyàwó Sàlàkọ́, ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọkọ rẹ̀.

Sàlàkọ́ gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn pé ẹ wá. Ẹ bá mi tún tirélà yẹn wò. Ẹ má jẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn báyìí."

Ọ̀rọ̀ yìí ló fọ́ ọkàn Dúrójaiyé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú àbúrò rẹ̀.

"Sàlàkọ́, èmi ni! Èmi ni mo fi rọ́bà we wáyà. Ìlara rẹ ló ń pa mí."

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Joanna. "Ẹ jáde!" ló pariwo. "Ẹ kúrò níwájú mi!"

Sàlàkọ́ kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú padà.

"Inú ń bí mi, ẹ̀gbọ́n, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀bẹ gún ènìyàn rí ní Àbíjáǹ, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Inú ẹ̀wọ̀n ni Jésù ti wá mi rí. Ó ti ru ẹ̀bi mi lórí àgbélébùú, báwo ni n ó ṣe wá di tiyín mọ́ yín lọ́rùn? Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi nìkan kò lè gbà yín. Ẹ lọ bá Ọlọ́run tí ẹ ṣẹ̀."

"Láti kékeré ni mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì," ni Dúrójaiyé wí pẹ̀lú omijé.

"Ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Ṣé Jésù mọ̀ yín?"

Lórí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Dúrójaiyé ti ké pe Olúwa, kì í ṣe bí ọmọ ìjọ, bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Nígbà tó dìde, ẹrù tó ti wà láyà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó lọ tààrà sí ìdí tirélà. Ó tú rọ́bà náà lójú gbogbo awakọ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan tutọ́ sílẹ̀. Kàsímù kàn mi orí, ó ní, "Ọlọ́run ló yọ wá."

Títí Sàlàkọ́ fi lè dúró, Dúrójaiyé ló ń bá a ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó kan tirẹ̀. Sàlàkọ́ ń tiro títí dòní. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí Joanna tó dáhùn kíkí Dúrójaiyé. Nígbà mìíràn, bí ọkọ̀ bá yà sí òdìkejì, ìlara a tún wá kanlẹ̀kùn. Dúrójaiyé a wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, a kúnlẹ̀, a sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ni ẹni náà tí ìyìn rẹ̀ máa ń korò létí rẹ? Ọmọ ìyá rẹ ni, tàbí orogún, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣòwò? Má sọ pé, "Èmi kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi." Ọlọ́run rí ohun tó wà nínú ikùn rẹ kí ọwọ́ rẹ tó ṣe é.

Jésù kú fún onílara pẹ̀lú. Má dúró dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá jí ọ. Níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó wẹ̀ ọ́ mọ́. Kò tíì lé ẹnikẹ́ni padà rí. Ṣe é lónìí, ọ̀rẹ́ mi. Òní nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ.