Ẹni Tó Gbé Kìnnìún Sẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

“Láti Parakou ni mo ti gun kẹ̀kẹ́ dé Malanville, mo sì padà dé kí àkàrà tí ìyá mi jù sínú epo tó yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kìnnìún kan lé mi lọ́nà. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo sì já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.”

Ohun tí Dáreolúwa sọ fún Motọ́láyọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ tí taya rẹ̀ jò wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Zongo ní Parakou.

Motọ́láyọ̀ wò ó tìyanutìyanu. “Ṣé kìnnìún náà sanwó ọkọ̀?”

“Ó fẹ́ san, èmi ni mo kọ̀. A ti dọ̀rẹ́.”

Motọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Dáreolúwa. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti gbá a mú débi pé bó bá fẹ́ lẹ taya, orúkọ Motọ́láyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ síbi tó jò kó tó fi gọ́ọ̀mù bò ó.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé Dáreolúwa kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ó lè tú u palẹ̀ kó sì tò ó padà nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ṣubú sí kòtò ní kékeré, bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò nílẹ̀, ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kó gùn ún wò, á ní, “Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi pé oníṣẹ́ kì í gun kẹ̀kẹ́ oníbàárà.” Gbogbo Zongo sì gbà pé ọmọlúwàbí ni.

Bàbá Motọ́láyọ̀, ọmọ Ṣábẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni kò gbà.

“Ẹnu ọmọ yìí gùn ju ọ̀nà Cotonou lọ,” ni bàbá wí. “N ò lè fi ọmọ mi fún ẹnu.”

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ dán an wò,” ni Motọ́láyọ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Ó dáa. Kó tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa gun kẹ̀kẹ́. Bí mo bá ká irọ́ kan ṣoṣo mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́.”

Lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ méje, Motọ́láyọ̀ láàárín wọn, gbéra láti Ṣábẹ̀, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ ní Parakou láti wá ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ ọmọ kan wà lára kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá ọmọ ti bẹ̀ wọ́n pé kí orúkọ kankan má wọ Parakou nínú mọ́tò, kó má baà dà bí ẹni pé òkú ni wọ́n gbé dé. Taya gbọ́dọ̀ máa yí lórí ilẹ̀ títí dé géètì ọsibítù, níbi tí wọ́n á ti gbé àwọn ọmọ náà jáde wá wò wọ́n. Aago mẹ́fà ni wọ́n sì ń ti géètì.

Ìrètíolúwa, àbúrò Motọ́láyọ̀, wà lára àwọn ọmọ náà. Fàdílù, ọ̀rẹ́ Dáreolúwa, ló ń gun kẹ̀kẹ́ tí orúkọ ọmọ náà wà lára rẹ̀.

Bàbá ń wa bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, tẹ̀ lé wọn. Dáreolúwa jókòó sẹ́yìn mọ́tò náà láàárín omi, ọsàn àti páǹpù. Òòrùn mú débi pé aláǹgbá ń fẹsẹ̀ kan rìn. Ní Tchaourou, Motọ́láyọ̀ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dáre mi, má jẹ́ kójú tì mí lónìí o.”

“Ọkàn mi, ṣé èmi?” Ó yára na ọsàn sí i.

Nígbà tó ku kìlómítà mẹ́fà, lẹ́yìn aago márùn-ún, pajápajá mú Fàdílù. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi. Wọ́n fà á, wọ́n wọ́ ọ, kò lè dìde. Àwọn mẹ́fà yòókù ní kẹ̀kẹ́ tiwọn. Eékún bàbá kò gbé e mọ́.

Gbogbo ojú yí sí Dáreolúwa.

“Olólùfẹ́ mi, gùn ún,” ni Motọ́láyọ̀ wí. “Ìwọ tó o lọ Malanville.”

“Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi pé...”

“Ọ̀gá rẹ kò sí níbí,” ni bàbá wí. “O gbé kìnnìún. Ṣé orúkọ ọmọdé ló wá wúwo jù fún ọ?”

Dáreolúwa gun kẹ̀kẹ́ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò nílẹ̀. Ayé yí. Kẹ̀kẹ́ gba inú koríko lọ, ó sì dà á nù bí ẹni da omi ìfọṣọ.

Fàdílù gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. “Dáre, ṣé o ò mọ̀ ọ́n gùn ni?”

“N ò mọ̀ ọ́n gùn rí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Motọ́láyọ̀ káwọ́ lérí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn lọ ṣí ẹ̀yìn bàṣé, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà wọnú mọ́tò. Kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́.”

Dáreolúwa wo orúkọ Ìrètíolúwa lára irin kẹ̀kẹ́ náà. Ó wo ẹ̀yìn mọ́tò tó la ẹnu sílẹ̀. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

“Níbo lò ń sá lọ?” ni bàbá kígbe.

Dáreolúwa fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà géètì ọsibítù. Ó ń sá lọ sí Parakou, bàtà kan ti bọ́, kẹ̀kẹ́ ń bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́ kẹ̀kẹ́ Motọ́láyọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín, ojú sì ń tì í láti wẹ̀yìn. Taya méjèèjì ń yí lórí ilẹ̀.