Aago Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Bàtà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan nígbà tó já wọ yàrá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta ló pè mí?"

"Èmi ni o." Obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yẹ ìtọ́jú wò ní àwọn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn láti tún rìn. Bó bá ti dé, á tẹ aago, á wo ẹni tó máa kọ́kọ́ dáhùn. "Ẹ mà yára! Bàtà yín kejì ò tiẹ̀ lè bá yín."

Olùkọ́-Ìrìn, bí àwọn aláìsàn ṣe ń pè é, ò rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, wọ́n ti gé wáyà aago yẹn."

Obìnrin náà fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá arúgbó kan ló kú sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó tẹ aago títí, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Látìgbà náà ni aago ti ń dún fúnra rẹ̀. Wọ́n gé wáyà, kò gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Olùkọ́-Ìrìn nìkan ló ń lọ. "Mo ti dé, Màmá," ni yóò wí, aago á sì dákẹ́.

Obìnrin náà ní kí wọ́n tún wáyà so. Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ní àwọn ti gbọ́, wọn ò sì so ó. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọkùnrin náà ti kó sí i lórí.

Ìyá obìnrin náà ò gbà. "Ẹni tó ń dá òkú lóhùn lo fẹ́ fẹ́? Bí mo tilẹ̀ ń kú lọ, èmi ò ní pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ láéláé!"

Ọmọ sunkún, ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ.

"Olólùfẹ́ mi, ìgbà tó o bá pè, màá jẹ́."

"Pẹ̀lú bàtà méjèèjì?"

"Ìyẹn ni mi ò lè ṣèlérí."

Kò pẹ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá ìyá dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nìkan ló ṣófo ní wọ́ọ̀dù, orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Lọ́jọ́ kan itọ́ há a lọ́fun. Kò lè ké, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò ṣeé gbé. Aago dún. Olùkọ́-Ìrìn sáré dé, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, èémí rẹ̀ padà.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ là, ọmọ bi í pé, "Màmá, ta ló bá yín tẹ aago?"

"Ìyá àgbà tó máa ń jókòó tì mí ni. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ọmọ yìí máa ń dáhùn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Fẹ́ ẹ, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n yà kí àwọn aláìsàn. Aago bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dún. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n wọlé.

"A ti dé, Màmá."